Ẹja betta mi ti darúgbó, ó sì ń ṣàìsàn: kí ni ẹ̀sìn sọ?

ÌBÉÈRÈ

Asalaamu alaykum, Alfa wa. Mo ń sin ẹja kan nínú àpótí gíláàsì, èyí tí wọ́n ń pè ní betta. Ó ti lé ní ọdún 3 báyìí. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, lẹ́bẹ́ rẹ̀ ń já, ìsàlẹ̀ omi ló máa ń sùn sí láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá sì gba oúnjẹ sẹ́nu, á tún tu ú dànù. Mo ń ra oògùn fún un, mo sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ọkọ mi ní ìnákúnàá ni, pé kí n dà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n fi omi ṣàn án lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra akọ mìíràn sí i kí ara rẹ̀ lè jí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá? Ṣé mo lè pa á kó lè sinmi? Omi rẹ̀ tó máa ń ta sí mi láṣọ ńkọ́, ṣé mo lè fi aṣọ náà kírun?

ÌDÁHÙN

Wa alaykumu salaam wa rahmatullahi wa barakaatuh, arábìnrin wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Bí ẹ bá pa á tì ni ẹ̀rù ìyà ì bá máa bà mí fún yín. Bukhari àti Muslim, àwọn àgbà tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) jọ, gba ọ̀kan wá, pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un ní oúnjẹ, kò fún un ní omi, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá nǹkan jẹ lórí ilẹ̀. Ẹ fetí sí ìparí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ká ní ó tú u sílẹ̀ ni, ológbò á wá oúnjẹ ara rẹ̀, ọ̀ràn ò bá má dé ọrùn ẹnikẹ́ni. Títì tó tì í mọ́lé ló gbé ẹrù lé e lórí.

Ẹja inú gíláàsì wá ńkọ́? Kò níbi tó lè sá lọ. Oúnjẹ rẹ̀, ìmọ́tótó omi rẹ̀, ìgbóná àti òtútù rẹ̀, ọwọ́ yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí ẹ ti fi í sínú àpótí yẹn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn yín, ọjọ́ ogbó kò sì yọ ẹ̀tọ́ náà kúrò. Ó rọrùn láti bọ́ ẹja nígbà tó ń dán tí àlejò ń yìn ín. Ìgbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ wò ó mọ́ gan-an ni amáná tí Ọlọ́hun fi sọ́wọ́ ẹni máa ń wúwo.

Ní ti owó, Ọlọ́hun sọ nínú Suratul-Isra, áyà 27, pé àwọn onínàákúnàá jẹ́ ọmọ ìyá èṣù. Òdodo ni. Àmọ́ ìnáwó tó tó ìwọ̀n lórí ohun tó ní ẹ̀tọ́ lára ẹni kò sí lára ìnákúnàá. Bí ẹ bá ń jẹ gbèsè tí ẹ kò san, tàbí tí sàká ti wọlé lé yín lórí tí ẹ kò yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Bí owó oògùn náà bá jẹ́ owó yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti ná an. Bó bá jẹ́ owó ọbẹ̀ tí bàálé fi sílẹ̀ ni, ẹ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ nínú rẹ̀. Ilé kékeré ọ̀ṣọ́, òkúta aláwọ̀ mèremère àti iná tó ń ṣẹ́jú tí wọ́n ń tà pẹ̀lú àpótí ẹja, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ojú èèyàn ni wọ́n ń dùn mọ́, ẹja ò bèèrè wọn. Ẹ má sì gbàgbé ọkùnrin tó pọnmi nínú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì dárí jì í. Nígbà tí àwọn sàábé bèèrè bóyá láádá wà fún wa lórí ẹranko, èsì Ànábì ni pé láádá wà lórí gbogbo ohun tó ní ẹ̀dọ̀ tútù.

Alfa ni mí, èmi kì í ṣe dókítà ẹranko, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹja nínú wọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí oògùn. Ohun tí àwọn tó ń sìn ín mọ̀ ni mo lè sọ. Ọdún 2 sí 5 ni betta sábà ń lò láyé, nítorí náà tiyín ti dàgbà. Ẹja yìí máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi. Èyí tó ti darúgbó kì í lágbára àtigòkè mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín jíjìn omi rẹ̀ kù, tí wọ́n sì ń fi ewé fífẹ̀ kan sítòsí ojú omi kó lè máa fara ti í. Ẹ jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní ìwọ̀n 25 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi bá ń tì í káàkiri, ẹ dín agbára rẹ̀ kù. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni kí ẹ máa yọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ nù, kí omi tuntun náà má sì ní klórínì, èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Omi tí ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀ ló sábà ń jẹ́ kí lẹ́bẹ́ máa jẹrà. Ẹ rẹ oúnjẹ rẹ̀ kó rọ̀ kí ẹ tó fún un. Bí inú rẹ̀ bá wú tí wọ́n ní kí ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan, ìyẹn kì í ṣe ìyà obìnrin ológbò; ìtọ́jú ni.

Ẹ má retí ohun tí Ọlọ́hun kò ṣèlérí o. Ànábì sọ pé ká máa wá ìwòsàn, pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo: ogbó. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá. Bí ẹ bá ti ṣe ohun tó yẹ tí ara rẹ̀ kò sì yá, ẹ má da ara yín láàmú.

Ọ̀rọ̀ akọ kejì yẹn, ẹ má dán an wò rárá. Ìjà ni akọ betta méjì máa ń jà bí wọ́n bá pàdé, títí ọ̀kan yóò fi lè kú. Torí ìjà yìí gan-an ni wọ́n ṣe ń sìn ín láyé àtijọ́ ní Táílándì. Abu Dawud àti Tirmidhi gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé Ànábì kọ̀ fún wa láti máa ti ẹranko síra wọn jà. Àwọn onímímọ̀ hádíìsì ní ọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìdájọ́ inú rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí wọn. Ẹ má gbé dígí síwájú rẹ̀ náà kó lè máa rò pé ọ̀tá ti dé. Arúgbó tó ń ṣàìsàn kọ́ là ń fi ìbínú jí.

Ó ku pípa. Èrò àwọn onímímọ̀ kò ṣọ̀kan níbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Ímáámù Malik gbà pé ẹranko tí ìrètí ti tán lórí rẹ̀ ṣeé pa kí ìrora rẹ̀ lè dópin. Àwọn kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ímáámù Shafi'i àti Ímáámù Ahmad kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká máa tọ́jú rẹ̀ títí ikú yóò fi mú un fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn Maliki bá ti ẹja mu, torí ẹja wà lára ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ fún wa láti pa. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ìrètí ti tán ní tòótọ́: ara rẹ̀ ti wú, ìpẹ́ rẹ̀ ti rú sókè, kò jẹun mọ́, kò sì lè gòkè wá mí. Àìfẹ́ẹ́ pààrọ̀ omi mọ́ kì í ṣe ìdí.

Bí ó bá wá dé ibẹ̀, ẹ rántí hádíìsì Shaddad ọmọ Aws tí Muslim gbà wá, pé Ọlọ́hun ti fi ṣíṣe dáadáa ṣe ọ̀ranyàn lórí gbogbo nǹkan, bí ẹ bá fẹ́ pa nǹkan, kí ẹ pa á dáadáa. Fífi omi ṣàn án lọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí nínú pípa dáadáa. Láàyè ló máa dé inú ẹ̀gbin, ibẹ̀ ni yóò ti máa kú díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni omi gbígbóná, àti fífi sínú yìnyín láti dì. Àwọn dókítà ẹranko máa ń fi òróró kànáfùrù sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹja á kọ́kọ́ sùn, wọn á wá fi kún un títí mímí rẹ̀ yóò fi dúró pátápátá. Ìyẹn ló sún mọ́ dáadáa jù nínú ohun tí mo mọ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé èyí fún bàálé yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àánú yín ló ń ṣe é, tí kò fẹ́ kí ẹ máa ṣe wàhálà.

Omi tó ń ta sí yín láṣọ kò ba ìrun jẹ́. Kódà bí ẹja náà bá kú sínú omi, omi ò di ẹ̀gbin, torí Ànábì sọ nípa òkun pé omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Àlùwàlá nìkan ni kí ẹ má fi omi tí oògùn ti yí àwọ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà ṣe. Bí àkókò ìrun bá sì wọlé nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ omi, ẹ ṣètò kí ẹ lè kí i lásìkò.

Bó bá kú, kò sí ìwẹ̀, kò sí aṣọ òkú, kò sí ìrun lórí rẹ̀. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà rùn. Ẹ kò sì ní láti tijú pé ọkàn yín bàjẹ́. Ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr, àbúrò Anas tó jẹ́ sàábé, ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré. Ẹyẹ náà kú, ọmọ náà sì rẹ̀wẹ̀sì. Ànábì rí i, ó sì bi í pé, "Abu Umayr, kí ló ṣe ẹyẹ kékeré náà?" Kò bá a wí pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹyẹ, ó bá a ṣàwàdà kó lè tújú ká. Látinú hádíìsì yìí náà ni àwọn onímímọ̀ ti mú un pé sísin irú ẹranko bẹ́ẹ̀ nínú ilé kò léèwọ̀, bí a bá ti ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́kọ́ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.