Finance àti èwo?

Àbúrò, o ní o ti wà ní ọdún kejì nínú finance ní Amẹ́ríkà, o ò sì mọ̀ bóyá accounting ni kí o fi kún un tàbí statistics. Bó bá jẹ́ físà F-1 lo fi ń kàwé, mú statistics.

Oṣù 12 ni OPT, àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn dìgírì. Statistics wà lára STEM (sáyẹ́ǹsì, tẹknọ́lọ́jì, ẹnjinníà àti ìṣirò), ó lè fi oṣù 24 kún un. Finance lásán kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wo I-20, fọ́ọ̀mù tí iléèwé fún ọ fún físà, dáadáa: major kejì gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀, iṣẹ́ tí o bá rí gbọ́dọ̀ tan mọ́ ọn, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà lórí E-Verify, ètò ìjọba tí wọ́n fi ń yẹ àṣẹ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wò.

Bó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́, tó sì jẹ́ CPA, ìwé àṣẹ oníṣirò owó, lo ń lé, accounting ni. Kírẹ́díìtì 150 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè fún un tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀; dìgírì kan kì í sábà ju 120 lọ.

Kọ́kọ́ gba kíláàsì regression kan ná. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi fa ìlà gba àárín àwọn àmì tó fọ́n káàkiri orí ìwé, èrè ìpín ilé-iṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè gbogbo ọjà, tí mo rí i pé bí ìlà yẹn ṣe dàgẹ̀rẹ́ tó gan-an ni beta tí wọ́n ń pariwo ní finance, ìyẹn bí ìpín náà ṣe ń bá ọjà lọ sókè sódò tó, ọjọ́ náà ló yé mi.