Ṣé lóòótọ́ ni kòkòrò àìfojúrí lè sọ ẹ̀gẹ́ di ike, kó sì ṣe adùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Èkìtì, ẹ wo ẹ̀gẹ́ tí ẹ rẹ sómi fún fùfú. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti rọ̀, ó ti kan, òórùn rẹ̀ sì ti gba ẹ̀yìnkùlé. Bakitéríà ló ṣe é. Láátíìkì ásíìdì wà lára ohun tó ń mú un kan. Ásíìdì yìí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń so pọ̀ di ike tí wọ́n ń pè ní PLA. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, á kọ́kọ́ gé sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ sí ṣúgà, bakitéríà á wá jẹ ṣúgà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ike PLA yìí sétí odò pé yóò jẹrà. Ó ń fẹ́ ooru bíi 60°C níbi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀.

Ní ti adùn, ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ló wù mí jù. Èso rẹ̀ pupa, onígun mẹ́ta, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀ ló ń so sí. Tí ẹ bá là á, ohun rírọ̀ kan wà lára kóró dúdú inú rẹ̀: ibẹ̀ ni thaumatin wà, purotéènì tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Àwọn onímọ̀ ti fi àbùdá rẹ̀ sínú ìwúkàrà, kòkòrò àìfojúrí tó ń mú búrẹ́dì wú, ìwúkàrà náà sì ń ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ igbó.