Aṣọ tí mò ń wọ̀ tọ́jú ọmọ nílé, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Àbúrò mi tó fẹ́ ṣí dékíà kékeré sílé ẹ̀ ní Àkóbọ̀, tó ń bèèrè pé ṣé kóun rán yunifọ́ọ̀mù ni àbí kóun kàn máa wọ aṣọ ilé torí òun ò kúkú ní jáde lọ síbì kankan, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti 2016 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, pálọ̀ ilé mi ní Apẹ̀tẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe é, ọmọ 2 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di 6 báyìí, ẹnì kan ló sì ń ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

"Mi ò kúkú ní jáde" yẹn ló kọ́kọ́ kó bá èmi náà. O mọ̀ pé àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ àti Sẹkiteríàtì, aago 6 ààbọ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọmọ dé kí gòsíló má bàa ká wọn mọ́nà. Èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, màá ró ìró mọ́yà, nẹ́ẹ̀tì lórí, pákò lẹ́nu, màá sì fi bẹ́ẹ̀ lọ ṣí géètì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan bàbá ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló gbé e wá fúnra ẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, kò wojú mi títí tó fi wọ mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó ẹ̀ pè mí pé ìyá àwọn ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ni wọ́n máa máa tọ́jú ọmọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ mo rí ọmọ yìí kan náà tí wọ́n ń gbé e wọ dékíà mìíràn tí kò jìnnà sí wa. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé torí ìró ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ oṣù 5 lé ẹ lọ́wọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kò gbọdọ̀ bá ẹ bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú ẹ̀.

Ni mo bá tún lọ ṣe àṣejù sódì kejì. Mo ra búbù sátíìnì méjì, àwọn tó ń dán yẹn, mo ní kí n máa jọ madam. Ọmọ ọdún kan àti díẹ̀ kan ń sunkún lọ́jọ́ kan, mo gbé e pọ̀n, mo fi ọ̀já gbà á, mo lọ po ògì nídìí gáàsì. Sátíìnì ń yọ̀, ìró tí mo fi pọ̀n ọ́n náà ń yọ̀, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ọmọ ti sún wá sídìí mi, mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbá a mú, apá búbù fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú iná. Àyà mi já pà! Aṣọ báyẹn kì í kàn jó bí aṣọ òwú o, ńṣe ló máa yọ́ bí ike tí á sì lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Láti ọjọ́ náà mi ò pọn ọmọ dúró nídìí iná mọ́, búbù yẹn di ti òde ìgbéyàwó. Aṣọ tí ń bẹ lára ẹni tó ń pọnmọ gbọ́dọ̀ lè di ọ̀já mú, ìyẹn àǹkárá tàbí tíṣáàtì tí wọ́n fi òwú ṣe, kí apá ẹ̀ má gùn kọjá ìgúnpá, kó má sì tóbi gbàgẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìsàlẹ̀, ṣòkòtò tó fẹ̀ díẹ̀ ló bá mi lára mu torí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la máa ń wà jù, èèyàn á kúnlẹ̀, á ká gúlútú, á rá wọ abẹ́ àga lọ mú bọ́ọ̀lù. Tí ìjọ yín ò bá fẹ́ ṣòkòtò, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó o lè jókòó ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ láìfa nǹkan bolẹ̀ ni kó o rán, kó o wọ lẹ́gíńsì sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin Alhaja wa, híjáàbù tí wọ́n ti rán pọ̀ téèyàn kàn ń ki orí bọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ máa fi pínnì dè.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pínnì ló gbé mi dé ibi tí mo ń lọ gan an. Nǹkan tó wà lára wa ló léwu ju aṣọ lọ. Etí mi òsì, tó o bá wò ó dáadáa wàá rí àpá. Yẹtí róbótó ńlá ni mo fi sí i, ọmọ oṣù 9 kan tí mò ń fún lóúnjẹ ki ìka bọ̀ ọ́, ó sì fà á, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ẹ̀jẹ̀ dà sí aṣọ òun àtèmi. Wọ́n ní láti rán an fún mi. Ìyẹn tún dára torí etí tèmi ló ya. Èyí tó já mi láyà jù ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ló já lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kó o, mo gbálẹ̀, mo rò pé mo ti kó o tán. Lọ́jọ́ kejì mo ń wo ọmọ kan tó ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fún un ní nǹkan kan, mo fìka kan gbá a jáde ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kan ni. Mo jókòó sílẹ̀ sunkún. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí tó wà láàárín tíṣù rólù kọjá, ó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lọ́fun, bí mo ṣe ń wò ó nìyẹn dòní. Nítorí náà kò sí yẹtí, kò sí ṣéènì, kò sí òrùka àyàfi òrùka ìgbéyàwó tó bá jẹ́ pẹlẹbẹ tí ò ní òkúta, kò sí aṣọ tí wọ́n to òkúta tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí láyà. Bọ́tìnnì náà, máa fà á wò láràárọ̀ bóyá òwú ẹ̀ ti ń tú.

Wíìgì, gbàgbé ẹ̀, wọ́n á ṣí i lórí ẹ níwájú ìyá wọn. Di irun orí ẹ ní ṣùkú tàbí kó o kó o sẹ́yìn. Èékánná àlẹ̀mọ́ máa ń ha ọmọ lára, ìdọ̀tí sì máa ń wà lábẹ́ ẹ̀, ìgbà mélòó lo fẹ́ pààrọ̀ páńpáàsì lójúmọ́? Lọ́fíńdà náà o, mo ní ọmọ kan tó ní ikọ́ fée, láti ìgbà tó dé ni mo ti gbé tèmi sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àdìrẹ ńkọ́? Ha, mo fẹ́ràn ẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mo ra Ìbàdàndùn kan, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára ẹ̀, aró rẹ̀ dúdú kirikiri, inú mi ń dùn, mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan an láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ooru mú, iná ò sí, ọmọ sùn sí mi láyà, ó jí pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ búlúù! Ìyá ẹ̀ dé, ó pariwo pé kí ló ṣe ọmọ òun. A rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kó o tó wọ̀ ọ́ gbé ọmọ.

Bàtà: èyí tó wọ ojú títì kì í wọ pálọ̀ mi, torí ilẹ̀ yẹn làwọn ọmọ ń rá lórí ẹ̀. Sílípáàsì inú ilé tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò yọ̀ ni mò ń lò. Má wọ sọ́kísì lásán lórí táìlì tó tutù tó o bá gbé ọmọ dání o.

Yunifọ́ọ̀mù tó o bèèrè yẹn, ní tèmi kò pọn dandan, owó ẹ̀ á ṣe nǹkan mìíràn. Ra àǹkárá ní Gbági, èyí tí iṣẹ́ pọ̀ lára ẹ̀, torí funfun ò lè fi ọbẹ̀ pamọ́, dúdú náà ò lè fi wàrà pamọ́, gbogbo èyí tí ọmọ bá pọ̀ sí ẹ léjìká ló máa hàn. Márùn-ún ni mo ní, ti Mọ́ńdè dé Fúráídè, mi ò wọ̀ wọ́n lọ síbì kankan mìíràn, ẹ̀wù kan sì wà tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí màá fi pààrọ̀ tọ́mọ bá bì sí mi lára. Lórí ẹ̀ ni mo máa ń wọ épúrọ́ọ̀nù, ó ní àpò 2 níwájú, háńkíṣíìfù wà nínú ọ̀kan, fóònù wà nínú èkejì. Kì í sí bírò níbẹ̀, kì í sí owó wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ti mú ọmọ tó kẹ́yìn lọ nírọ̀lẹ́ ni mo ti ń bọ́ épúrọ́ọ̀nù yẹn, ọkọ mi mọ̀ pé tóun bá dé bá a lára mi, kóun lọ wá nǹkan jẹ ná.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ télọ̀, sọ fún un pé o ò fẹ́ síìpù lẹ́yìn, o ò fẹ́ bọ́tìnnì níwájú, o ò fẹ́ okùn tí ń fì lọ́rùn. Ó máa ní aṣọ yẹn ò ní sítáì. Sọ fún un pé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.