Má kọ̀wé sí Linus, àbúrò

Àbúrò, o ní ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí o ti fi àtúnṣe driver Wi-Fi (ètò tó ń mú Wi-Fi ṣiṣẹ́) ránṣẹ́ sí àwọn ará Linux, pé ẹnikẹ́ni ò fèsì, o wá ń béèrè bóyá kí o kọ̀wé sí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Iná yẹn ti jó mi rí.

Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ mi ni kì í rí Wi-Fi mọ́ bí mo bá ti pa á dé tí mo tún ṣí i. Kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux, ló fà á, torí ti tẹ́lẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe git bisect, ìyẹn kí n fi git, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àyípadà, wá èyí tó fa ìṣòro náà, bí ẹni pé kí n lọ ra búrẹ́dì. Láàárín kernel kan sí èkejì, àyípadà tó lé ní 10,000 ló wà níbẹ̀. Bisect á máa pín wọn sí méjì, bíi ìgbà 14 péré ló ń gbà. Péré! Wákàtí mẹ́ta ni ẹ̀rọ mi fi ń kọ́ kernel kan, bó bá sì ti ku díẹ̀ kó parí ni iná á lọ. Nígbà tó di ìkọkànlá, oorun ń kùn mí, mo tẹ "good" (ó ṣiṣẹ́) níbi tó yẹ kí n tẹ "bad" (kò ṣiṣẹ́). Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ ṣáà máa kó git bisect log, àkọsílẹ̀ ohun tí o ti tẹ̀, sínú fáìlì, èmi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ohun tí mo rí tún ṣe ò ju ìlà méjì lọ.

Ni mo bá kọ lẹ́tà mọ́ àtúnṣe náà. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo kí wọn délé-dóko, mo kí wọn kú iṣẹ́, "sir" ò wọ́n mi lẹ́nu. Gbogbo ìkíni yẹn kó wọnú àlàyé commit, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń bá àyípadà wọnú kernel, torí ohun tó bá ti wà lókè ìlà "---" ni git ń gbà wọlé. Maintainer driver náà, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó o, ní kí n yọ ọ́ kúrò. Kò kí mi padà o. Ó tún ní patch mi, ìyẹn àtúnṣe tí mo fi ránṣẹ́, ti bàjẹ́, ó sì dákẹ́. Fóònù ni mo fi ránṣẹ́, áàpù ímeèlì ti sọ gbogbo tab di àlàfo lásán. Ṣé ẹnu á bó bó bá ní "lo git send-email", tó ń fi patch ránṣẹ́ láìbà á jẹ́? Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà ló kọ ọ́ fún ẹni tó mọ ọ̀nà.

Mo fi v2, ẹ̀dà kejì, ránṣẹ́. Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí ìlà méjì mi nínú kernel lábẹ́ orúkọ maintainer yẹn, pẹ̀lú ìlà kan tó fi kún un. Èmi ńkọ́? "Reported-by", ìyẹn ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Ní aago méjì òru, mo pè é ní olè lójú gbogbo mailing list, ìyẹn àwùjọ ímeèlì tí gbogbo wọn ń kà, mo fi Linus sí Cc. Ẹlòmíràn ló dá mi lóhùn, jẹ́jẹ́, pé patch yẹn ti wà lójú list fún ọjọ́ 12 kó tó wọlé, pé bí mo bá ti béèrè Co-developed-by, ìlà tó ń sọ pé a jọ ṣe é, nígbà náà, wọn ì bá fi sí i. Ó ti wọlé, kò ṣeé yí padà mọ́. Linus ò sọ nǹkan kan. Títí dòní inú mi ò tíì yọ́ sí maintainer yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo fi pè é lólè ṣì wà nínú lore.kernel.org, ibi tí wọ́n ń kó ímeèlì list pamọ́ sí. Lọ́jọ́ tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, ọ̀gá tó jókòó síwájú mi yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Lẹ́tà yẹn ló ṣí síbẹ̀.

Àwọn kan á ní Linus náà máa ń bú èèyàn. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn ní September 2018, ó sì gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n gba Code of Conduct, ìlànà ìwà láàárín wọn. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ṣókí tó ń dun èèyàn o. Bí wọ́n bá fèsì, abẹ́ ọ̀rọ̀ wọn ni kí o kọ tìrẹ sí, má kọ ọ́ sókè.

Checkpatch tó ń yẹ patch wò, get_maintainer tó ń sọ ẹni tí a máa fi ránṣẹ́ sí, Signed-off-by tó dà bí ìbuwọ́lù, ìlà Fixes tó ń tọ́ka sí commit tó fa ìṣòro, ìwọ náà mọ ìyẹn.

Ẹn-ẹ́n, ìbéèrè rẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ní kó kéré jù kéèyàn tó béèrè. Ṣùgbọ́n wò ó bóyá merge window ló ṣí, ọ̀sẹ̀ méjì tí Linus fi ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dúró kí -rc1, ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́, jáde. Lẹ́yìn náà, kọ ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ ímeèlì rẹ àkọ́kọ́. Bí wọn ò bá tún fọhùn, RESEND ni kí o kọ sórí rẹ̀ bí o kò bá yí nǹkan kan padà, v2 bí o bá yí i. Ti Linus, ọ̀dọ̀ àwọn linux-wireless, àwọn tó ń bójú tó Wi-Fi, ni patch rẹ ti máa kọjá, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó network, kó tó kàn án. Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ tààrà?

Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn ṣá, lọ ṣí èyí tí o fi ránṣẹ́. Àbí ìwọ náà lo fóònù?