Ẹ̀sìn wo ni ó yẹ àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ń di ènìyàn nínú ìtàn àròsọ tí a bá ń kọ?

Ilẹ̀ Japan ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ń para dà di ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní kitsune, ti jẹ́ ìránṣẹ́ Inari, òrìṣà ìrẹsì àti ọrọ̀, ẹni tí ojúbọ rẹ̀ tí ó lókìkí jùlọ, Fushimi Inari ní ìlú Kyoto, ti wà láti ọdún 711 gẹ́gẹ́ bí ìtàn ibẹ̀ ṣe sọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ni òrìṣà náà. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́, ìdí nìyí tí àwọn kan nínú ère rẹ̀ fi gbé kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì há ẹnu. Wàrà sóyà díndín ni àwọn olùfọkànsìn sábà máa ń gbé síwájú ère náà. Bí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn, àwọn ará Japan á ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbéyàwó (àwa a máa sọ pé kìnnìún ń bímọ). Ní ti ipò nínú ẹ̀sìn náà, ìrù àwọn kitsune a máa pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà, títí yóò fi pé mẹ́sàn-án. Nítorí náà, onírù mẹ́sàn-án ni èmi yóò fi ṣe àwòrò àgbà.