Wọ́n ní ọmọ mi ò yẹ fún waiver, kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà la wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ò lè rìn, rọ́bà tí wọ́n fi sí i nínú ikùn la fi ń fún un lóúnjẹ, gìrì sì máa ń mú un lóru. A bèèrè fún waiver Medicaid, ìyẹn ètò àkànṣe lábẹ́ Medicaid (ètò tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú ìlera) tó ń sanwó ìtọ́jú nílé fẹ́ni tí ì bá wà lọ́sibítù tàbí nílé ìtọ́jú, kí nọ́ọ̀sì lè máa wá sílé, wọ́n wá kọ lẹ́tà pé àìsàn ẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní ká fi sílẹ̀, pé ta ló ń bá ìjọba jà? Ìyá Ọmọ.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ìjà kọ́ o, ẹ̀tọ́ yín ni. Òfin Medicaid fúnra ẹ̀ ló ní ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, fair hearing ni wọ́n ń pè é, iwájú ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò sí nínú ìpinnu àkọ́kọ́ lẹ ti máa sọ tẹnu yín. Gbèdéke ọjọ́ wà nínú lẹ́tà yẹn, kì í ju 90 ọjọ́ lọ látọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́, ìpínlẹ̀ míì ò tiẹ̀ fún èèyàn tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ kọ̀wé lónìí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀, ẹ̀rí lẹ lè máa kó jọ tó bá yá.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ohun tí wọ́n ń pè ní level of care. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni pé, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin òbí ni, ṣé ọsibítù tàbí ilé ìtọ́jú kọ́ lọmọ yìí ì bá wà? Àwa Yorùbá, tí òṣìṣẹ́ bá wá wo ọmọ, ohun tá a máa sọ ni "ó ń gbìyànjú, a dúpẹ́", torí a ò fẹ́ fẹnu ara wa sọ ọ̀rọ̀ tí ò dáa sọ́mọ wa. Bẹ́ẹ̀ náà lòṣìṣẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè fáìlì ẹ̀ kí hearing tó bẹ̀rẹ̀, òfin fún yín láyè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí i.

Ẹ wá máa kọ òru yín sílẹ̀: aago méjì gìrì mú un, ìṣẹ́jú mẹ́ta, oògùn tẹ́ ẹ fún un rèé, aago mẹ́ta rọ́bà dí ẹ fọ̀ ọ́, aago mẹ́rin ẹ yí i padà kí egbò má bàa yọ sí i lẹ́yìn. Ẹ ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e fún dókítà kó fi kọ lẹ́tà tó máa dáhùn ìdí tí wọ́n fi kọ̀ yẹn gangan. Lẹ́tà tó kàn ní "ọmọ yìí nílò ìrànlọ́wọ́", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ lè mú ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí lọ́yà dání. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní àjọ Protection and Advocacy tó ń ṣojú àwọn aláàbọ̀ ara, ẹ pè wọ́n.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fóbìí: tọ́mọ yín bá ti ní Medicaid tẹ́lẹ̀, EPSDT, ìyẹn apá Medicaid tó wà fún àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àwọn ọmọ, wà fún gbogbo ọmọ tí ò tíì pé ọdún 21, ó sì di dandan kí ìpínlẹ̀ sanwó nọ́ọ̀sì tọ́mọ bá nílò ẹ̀ fún ìlera ẹ̀, waiver tàbí kò sí waiver. Kí dókítà bèèrè fún ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ má dúró de hearing.