Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lọ sí ọ́fíìsì kankan o, Màmá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá wa l'Ómù-Àrán. Mo ka ìbéèrè yín: ẹ ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ sì fẹ́ máa bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré kí ẹ̀rín ìgbà èwe lè padà sẹ́nu yín. Ẹ ní eré wo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mà á débẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní kí Màmá kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ láti lo pápá ilé-ìwé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ dá lóhùn ná.

Ẹni tó bá ti tọ ọ̀nà yẹn mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé. Á ní àṣẹ ò sí lọ́wọ́ òun, kí ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá tó wà lókè òun. Lọ́hùn-ún, akọ̀wé á gba lẹ́tà, á jù ú sínú fáìlì, á ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá wà, á bèèrè ẹgbẹ́ tí ẹ ti wá àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní ẹ ò lẹ́gbẹ́, pé eré lásán lẹ fẹ́ bá ọmọ ṣe. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wò yín tòkè-tilẹ̀, pàápàá tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé: "Ta ló rán yín? Èló ló gbé kalẹ̀?" Tó bá di dandan kí ẹ lọ, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ déètì sí tiyín lójú yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ẹ bá padà lọ, wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Bẹ́ẹ̀ ẹ sì lè gbàṣẹ tán kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, kí tuntun ní òun ò gbọ́ sí i. Gbogbo wàhálà yìí, lórí ilẹ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ láìgbàṣẹ!

Ojúde agbo ilé yín ti tó. Àwọn ìyá ọmọ ló ni àṣẹ tó ṣe pàtàkì. Ẹ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọjọ́ àti aago. Ìta gbangba ni kí eré ti máa wáyé, kì í ṣe pálọ̀, kí àgbàlagbà kejì sì wà níbẹ̀. Ẹ má gbé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ sórí Facebook. Ẹ má sì pín bisikíìtì: kò ní pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n á máa bá wá, ọjọ́ tí kò bá sí, ẹ ò ní rí ẹnì kan.

Ní Ìlọrin níbí, ilé kéú ló ń gba òwúrọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí náà ẹ̀yìn ìrun Alásárì ló dáa, kó parí kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì. Lọ́dọ̀ tiyín, ẹ wo ọjọ́ ọjà àti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé onídàánilẹ́kọ̀ọ́ á ní kí ẹ ní ètò, kí ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ máa kọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ohun tó ń pa ayọ̀ náà gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá jókòó sórí àga bíi rẹfirí, tíṣà lẹ padà dà, á sì rẹ̀ yín. Ẹ tò sí ìlà, ẹ dúró dìgbà tó bá kàn yín, kí wọ́n lé yín jáde tí ẹ bá kùnà, kí ọmọ ọdún méje sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Kí wọ́n kọ́ yín lófin eré bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ "láyé tiwa".

Ẹ ṣọ́ra fún tẹ́ń-tẹ̀ẹ̀n. Fífò àti jíju ẹsẹ̀ ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, orúnkún ẹni tó ti lé ní 60 ò fẹ́ ẹ lórí sìmẹ́ńtì. Orí iyanrìn ni, ẹ má sì wọ sílípáàsì. Tó bá jẹ́ ẹkùn mẹ́ran, ẹ̀yin ẹ wà lára àwọn tó ṣe agbo kí ẹ máa ké "mẹ̀ẹ̀", kí ọmọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ṣe ẹkùn.

Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ṣe káìtì. Igi ìgbálẹ̀ gígùn méjì, ẹ dè wọ́n ní ìbú òun òró, ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ bò wọ́n, ẹ so òwú ìránṣọ mọ́ ọn, kí ìrù àkísà rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Láìsí ìrù, á máa pòòyì, á sì fi orí sọlẹ̀. Tó bá há sórí wáyà iná, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi igi fà á.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Ayò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú orúnkún. Ọpọ́n ò pọn dandan: ẹ gbẹ́ ihò mẹ́fà-mẹ́fà sílẹ̀ ní ìlà méjì, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó máa ta á sí. Tí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì, tí ibẹ̀ sì di 2 tàbí 3, ẹ kó o. Tí ilé kan bá kún tó 12, tí ẹ ta á yí po, ẹ fo ilé tí ẹ ti kó o. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni ìgbà tí gbogbo ilé ẹnìkejì bá ṣófo: òfin ni kí ẹ ta sí i, kó lè rí nǹkan ta. Tí ẹ ò bá rí ọmọ ayò, òkúta wẹ́wẹ́ tó dọ́gba á ṣe é. Ẹ kà á pé kí ẹ tó wọlé o, torí ọmọ ìrákòrò tó bá wà nítòsí lè gbé ọ̀kan mì.